Ààlà igbó ìjọba fẹ́ gba orí ilẹ̀ wa kọjá: kí ni ká bèèrè?

Ìyá Ẹsẹ̀-Òkè
Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún mẹ́fà rèé tí èmi àti ọkọ mi ra éékà 41 lẹ́sẹ̀ àwọn òkè Appalachia, níbí ní Amẹ́ríkà. Lápá òkè, ilẹ̀ náà fara kan igbó ìjọba àpapọ̀. Odò kékeré kan wà nísàlẹ̀, ọ̀nà eléruku kan ṣoṣo ló sì wọ ibẹ̀. A kọ́ ilé kékeré kan sí i, a ń gbin nǹkan díẹ̀díẹ̀, igi ni ìyókù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà dé. Àbá òfin kan ti wà níwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tí yóò sún ààlà igbó náà kọjá odò wa lọ sí òdì-kejì. Wọ́n fi máàpù sí i. Mo fi ìka tọ ìlà pupa inú rẹ̀ títí, ilẹ̀ wa wà láàárín rẹ̀ porogodo. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kò ní yí padà.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, bàbá-bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ ro ilẹ̀ tiwọn. Ó ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ti ń lọ láti ilé dé ilé pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ sí nǹkan kan, kẹ́nikẹ́ni má tà. Ọ̀rọ̀ tó sọ fún mi lẹ́nu géètì kò jẹ́ kí n sùn: "Bí wọ́n bá ti ya ìlà yí ọ ká, o ti di àlejò nínú ilé ara rẹ." Ọkọ mi ní òjìji ni bàbá ń sá fún.

Ìpàdé gbogbogbòò máa wà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ̀yin tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ká lọ bèèrè níbẹ̀?

Ṣàngbá-Fọ́
Ẹ tà á kíá kí ọ̀rọ̀ tó di yánpọnyánrin. Ṣé ẹ ti dé Shenandoah ní Virginia rí? Ìpínlẹ̀ fi òfin gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará òkè ibẹ̀, wọ́n lé ìdílé lẹ́yìn ìdílé jáde, wọ́n sì fa ilẹ̀ náà lé ìjọba àpapọ̀ lọ́wọ́ ní 1935. Mo rí ibi ìdáná ilé kan nínú igbó yẹn. Òkúta nìkan ló kù. Ìjọba kan náà ni.

Bàbá Sọ̀féyọ̀
Ṣàngbá, má dẹ́rù ba obìnrin yìí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Shenandoah ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, kò sì dáa. Àmọ́ ọgbà orílẹ̀-èdè nìyẹn. Igbó orílẹ̀-èdè lèyí. Ilé iṣẹ́ ètò abẹ́lé ló ni ti àkọ́kọ́, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ló ni èkejì, lábẹ́ Forest Service, àjọ tó ń bójú tó igbó. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú.

Ìyá Ẹsẹ̀-Òkè, ẹ fara balẹ̀ kà á. Mo ti fi ọdún 28 wọn ilẹ̀ káàkiri àwọn òkè yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì ń tún sọ fún àwọn onílẹ̀ jù nìyí: ìlà méjì ló wà, ẹ má fi ojú kan wò wọ́n. Ìlà kìíní ni èyí tí òfin tàbí ìkéde ààrẹ yà yí igbó ká. Ìlà kejì ni ti ìwé ilẹ̀, ìyẹn ibi tí ìjọba ti sanwó, tó sì gba ìwé. Wọn kì í sábà bá ara wọn mu, pàápàá ní apá ìlà-oòrùn. Ẹ wo Wayne National Forest ní Ohio. Ohun tó wà nínú ìlà rẹ̀ lé ní 800,000 éékà, ṣùgbọ́n èyí tí ìjọba ní ìwé rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ilé àwọn èèyàn, oko wọn, ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ìtẹ́ òkú wọn ló gba ìyókù. Òfin ìpínlẹ̀ àti ti káúńtì (ìjọba ìbílẹ̀) ló ń darí wọn, bíi ti gbogbo ará ìlú. Bí wọ́n bá ya máàpù tuntun, ibi tó bá jẹ́ ti ìjọba á ní àwọ̀ ewé. Funfun ni tiyín máa jẹ́.

Ìtàn ló bí i. Ní ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti ìjọba tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tọ̀ fún igbó láti 1891. Ní ìlà-oòrùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́, gbogbo ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ aládàáni. Àwọn agégi gé òkè Appalachia kanlẹ̀, òjò ń gbá iyẹ̀pẹ̀ lọ, omíyalé ń da ìlú ìsàlẹ̀ láàmú. Ààrẹ Taft wá fọwọ́ sí òfin Weeks ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1911, tó ní kí ìjọba lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ gbà á láyè kó tó rà. Bí Pisgah ní North Carolina ṣe di igbó ìjọba nìyẹn: Edith Vanderbilt, opó George Vanderbilt, ta nǹkan bíi 86,700 éékà fún wọn ní 1914, dọ́là márùn-ún fún éékà kan. Ó fẹ́ tà, wọ́n fẹ́ rà.

Alátakò
Bàbá Sọ̀féyọ̀, ẹ ṣeun fún ìtàn. Ìbéèrè kan ni mo ní. Bí ìlà yẹn kò bá ṣe nǹkan kan sí onílẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi ń yà á? Ẹnìkan kì í lọ gba òfin ní Washington nítorí ohun tí kò wúlò.

Ẹ má sì sọ fún mi pé ìlà orí máàpù kì í ṣe agbára. Ní 1907 Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fi òfin dá ààrẹ dúró pé kò gbọ́dọ̀ dá igbó tuntun sílẹ̀ mọ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn. Kí Ààrẹ Roosevelt tó fọwọ́ sí i, òun àti Pinchot, ọ̀gá Forest Service, ti jókòó ti máàpù, wọ́n ti ya bíi mílíọ̀nù 16 éékà. Ó wá fọwọ́ sí òfin tó dè é lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti jẹun yó tán.

Ṣàngbá-Fọ́
Jẹun yó kẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín débi tí kọfí dà sí mi láṣọ.

Bàbá Sọ̀féyọ̀
Ìtàn yẹn dùn, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti ìjọba tẹ́lẹ̀ ló yà, kì í ṣe ilẹ̀ ẹni tó ní ìwé lọ́wọ́. Ìbéèrè Alátakò dáa, ẹni tó ṣiṣẹ́ nínú igbó ló yẹ kó dáhùn rẹ̀.

Ẹyẹ Ìgbẹ́
Èmi nìyí. Mo ṣiṣẹ́ ọdún méje nínú igbó ìjọba kan, iná ni mo ń pa jù, mo ń gbin igi nígbà tí iná ò bá sí. N kò sí nínú àwọn tó ń ra ilẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́fíìsì kan náà la jọ ń lò, mo ń gbọ́ wọn.

Ìdáhùn ìbéèrè yín, Alátakò: owó ni. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní Land and Water Conservation Fund, LWCF. Kì í ṣe owó orí àwọn ará ìlú ló ń kún un, èrè epo àti gáàsì tí wọ́n ń wà nínú òkun ni. Láti 2020, òfin ti ní kí mílíọ̀nù 900 dọ́là máa wọ inú rẹ̀ lọ́dọọdún, igbó àti ọgbà àti ìpínlẹ̀ ló sì ń pín in. Ibi tó ti kan ìlà nìyí: inú ààlà igbó ni òfin ti gbà wọ́n láyè láti fi owó yẹn ra ilẹ̀. Ààlà ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ti wà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1965. Àyè díẹ̀ wà fún ilẹ̀ tó wà létí rẹ̀, àmọ́ kò ju 3,000 éékà lọ fún igbó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí gbólóhùn kan nínú irú àbá òfin báyìí, tí ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu: wọ́n á ní kí a ka ààlà tuntun sí ààlà tó wà ní 1965. Ẹ yẹ tiyín wò, ẹ ó rí i níbẹ̀.

Nítorí náà, ìlà náà ṣe nǹkan. Ó sọ ìjọba di oníbàárà tó lówó lọ́wọ́ ládùúgbò yín. Kì í ṣe onílé. Oníbàárà ni.

Alátakò
Oníbàárà tó lágbára láti fi ipá rà, ṣé ẹ gbàgbé ìyẹn ni?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́yà
N kì í ṣe lọ́yà yín o, ẹ gba ẹni tó mọ ìpínlẹ̀ yín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n la ibi tí Alátakò tẹ̀ yìí.

Ìjọba àpapọ̀ ní agbára láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbogbòò. Ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ bẹ́ẹ̀ láti 1875. Àtúnṣe karùn-ún sí ìwé òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní bí wọ́n bá gbà á, kí wọ́n san owó tó tọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò ni pé ìlà igbó kọ́ ló fún wọn lágbára yẹn. Bí ilẹ̀ yín bá wà níta ìlà, agbára yẹn ṣì wà. Bó bá wà nínú ìlà, kò pọ̀ sí i. Bàbá aládùúgbò yín ń ti ilẹ̀kùn tí olè kò gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n díẹ̀ wà nínú ẹ̀rù bàbá. Ẹ tún lẹ́tà yẹn kà. "Ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kò ní yí padà." Ta ló sọ ọ́? Àjọ náà nínú lẹ́tà, àbí àbá òfin fúnra rẹ̀? Ọ̀gá tó kọ lẹ́tà lónìí lè fẹ̀yìn tì lọ́la, kí ẹlòmíràn wá ní òun kò mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi lẹ́tà rojọ́ bíi ti òfin. Ohun tí ẹ máa wá nínú àbá náà gan-an ni gbólóhùn pé ọwọ́ ẹni tó bá fẹ́ tà nìkan ni wọ́n ti lè ra ilẹ̀ inú ààlà tuntun, pé wọn kò gbọ́dọ̀ lo agbára ìgbàlẹ̀, ìyẹn agbára láti fi ipá gba ilẹ̀, níbẹ̀. Àwọn òfin kan ní in. Àwọn mìíràn sọ pé wọ́n lè ra ilẹ̀, wọn kò sọ bí wọ́n ṣe máa rà á. Bí tiyín kò bá ní in, ẹ béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sí i. Aṣòfin tó bá ń sọ lójú agbo pé òun kò ní gba ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, kí ló máa dí i lọ́wọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀?

Tísà Àgbà
Ẹ ò tíì mẹ́nu ba ilé ìwé. Mo wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé káúńtì kan tí igbó ìjọba gba ìdajì rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń fọ́ wa lórí nìyí.

Ìjọba àpapọ̀ kì í san owó orí ilẹ̀. Ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rà ti kúrò nínú èyí tí káúńtì ń gbowó lé. Wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fi ń dí i: láti 1908, ìdá kan nínú mẹ́rin owó tó bá wọlé láti inú igbó ń padà wá fún ọ̀nà àti ilé ìwé. Nígbà tí gígé igi ṣì ń lọ ní pẹrẹu, ó tó. Nígbà tó wálẹ̀ ní nǹkan bí 1990, owó náà gbẹ, wọ́n wá ṣe òfin mìíràn ní 2000 láti ràn wá lọ́wọ́, òfin tó ń kú tí wọ́n sì ń jí i dìde. Owó mìíràn tún wà láti 1976, tí wọ́n ń pè ní PILT, ìyẹn owó ìdípò owó orí ilẹ̀, tó ń lọ tààrà sí káúńtì. Ṣùgbọ́n iye èèyàn tó wà ní káúńtì àti iye éékà ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló sì máa ń pinnu iye tó máa wọ inú rẹ̀. Ọdún kan ó dáa, ọdún kejì à ń retí.

N kò ní kí wọ́n má ra ilẹ̀ o. Ilẹ̀ igbó kò nílò bọ́ọ̀sì ilé ìwé, kò nílò ọlọ́pàá lóru bíi ti ọgọ́rùn-ún ilé tuntun. Àmọ́ ẹni tí kò tà ló máa gbé ẹrù tó kù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káúńtì yín, kì í ṣe lọ́wọ́ àwọn onígbó: ṣé wọ́n ti ṣírò rẹ̀?

Ọ̀nà-Kan-Ò-Wọjà
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀, èmi ọ̀nà ni mo fẹ́ sọ. Ìyá ní ọ̀nà eléruku kan ṣoṣo ló wọlé. Ilẹ̀ ta ló gba kọjá?

Ẹjọ́ kan ti Montana wá, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní 2023. Ẹni tó ni ilẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fún ìjọba ní ẹ̀tọ́ ọ̀nà ní 1962, fún ọ̀nà kan tó wọ inú igbó Bitterroot. Àwọn tó ra ilẹ̀ lẹ́yìn náà gbà pé ọ̀nà iṣẹ́ igbó lásán ni. Forest Service fi pátákó sí i ní 2006 pé gbogbo ará ìlú lè gbà á, ni àwọn àjèjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá. Wọ́n lọ sẹ́jọ́ ní 2018, ìjọba ní ọdún 12 tí òfin fún wọn láti ráhùn ti kọjá. Ilé ẹjọ́ ní gbèdéke ọdún 12 yẹn kò ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ pa fúnra rẹ̀, kí wọ́n padà lọ rojọ́ wọn. Wàhálà gbogbo ìyẹn nítorí ìwé kan tí ẹlòmíràn fọwọ́ sí.

Ẹ lọ wo ìwé ọ̀nà yín. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ta ló lè gbà á?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́yà
Ọ̀nà-Kan-Ò-Wọjà ti sọ èyí tí mo gbàgbé. Ẹ tún gbọ́ apá kejì rẹ̀, tó lè pa yín lẹ́rìn-ín: bí ìjọba bá ra ilẹ̀ yí yín ká lọ́la, wíwà yín nínú ààlà ló máa gbà yín. Òfin kan ti 1980, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí òfin ilẹ̀ Alaska, ní apá kan tó sọ pé onílẹ̀ tó bá wà nínú ààlà igbó ìjọba ní ẹ̀tọ́ sí ọ̀nà tó tó fún un láti jẹ ìgbádùn ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n lè fi àdéhùn sí i, àmọ́ wọn kò lè tì í pa.

Ìyá Ẹsẹ̀-Òkè
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sí ọ́fíìsì ìwé ilẹ̀ ní káúńtì lánàá. Mo rí ìwé ọ̀nà: tiwa àti ti bàbá aládùúgbò nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìjọba kò sí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo tún rí nǹkan mìíràn tí n kò wá lọ. Ní 1938, ẹni tó ta ilẹ̀ wa nígbà náà fi epo, gáàsì àti gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ sílẹ̀ fún ara rẹ̀. A kò rà á! Òkè ilẹ̀ nìkan la rà. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ́fíìsì yẹn, kò lè sọ̀rọ̀. Ṣé èyí kan ọ̀rọ̀ ààlà?

Ẹyẹ Ìgbẹ́
Ó kàn án, Ìyá, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe rò. Ẹ máa gbọ́ orúkọ Allegheny ní Pennsylvania. Igbó yẹn ti wà láti 1923, ìjọba ló ni òkè ilẹ̀. Ohun inú ilẹ̀ ńkọ́? Nǹkan bí ìdá 93 nínú ọgọ́rùn-ún ṣì jẹ́ ti aládàáni, nítorí àwọn tó tà á nígbà náà ṣe bí ẹni tó ta ilẹ̀ yín ṣe. Wọ́n ń gbẹ́ kànga epo nínú igbó ìjọba títí dòní. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ ní 2011 pé Forest Service kò lè kàn dá wọn dúró.

Nítorí náà ààlà kò ní gba ohun inú ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kò sì ní dáàbò bò yín lọ́wọ́ onítọ̀hún. Aládùúgbò tí ẹ kò mọ̀ ti wà lábẹ́ ilé yín láti ọjọ́ yìí. Bí ẹ bá máa bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wádìí ẹni yẹn.

Alátakò
Ó ti tó. Mo gbà pé ìlà nìkan kọ́ ni ìṣòro. Ṣùgbọ́n Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àdéhùn ìdáàbòbò ilẹ̀ dẹ yín lójú náà. Wọ́n á ní ẹ má tà á, kí ẹ kàn ta ẹ̀tọ́ láti kọ́lé sí i. Ẹ ṣì ni ilẹ̀ yín, ẹ lè gé igi bí àdéhùn bá gbà, owó sì wọlé. Láti 1990 ni ètò Forest Legacy ti Forest Service ti ń ṣe é. Ohun rere ni fún àwọn kan. Àmọ́ títí láé ni! Ọmọ-ọmọ yín á bá a níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á kí ẹ tó mú bírò.

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́yà
Lónìí mo gbà pẹ̀lú Alátakò. Ẹ kọ ọjọ́ yìí sílẹ̀.

Ìyá Ẹsẹ̀-Òkè
A ti lọ sí ìpàdé náà. Gbọ̀ngàn ilé ìwé ló ti wáyé, èrò kún, àga kò tó. Mo ka ohun tí mo kọ sí ìwé, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo ní mo fẹ́ kí gbólóhùn ẹni tó bá fẹ́ tà nìkan wà nínú òfin fúnra rẹ̀, kí a kọ ọ́ pé wọn kò gbọ́dọ̀ lo agbára ìgbàlẹ̀ nínú ààlà tuntun. Mo béèrè ìṣirò owó orí lọ́wọ́ káúńtì níwájú gbogbo èèyàn. Aṣojú aṣòfin wa ní gbólóhùn àkọ́kọ́ ti wà nínú àbá náà, èkejì kò sí, òun á mú un lọ sí Washington. Aṣojú káúńtì ní àwọn kò tíì ṣírò. Ó tijú díẹ̀. Mo ti fi tèmi ránṣẹ́ ní kíkọ pẹ̀lú.

Bàbá aládùúgbò wa wà níbẹ̀, iwájú gan-an ló jókòó. Mo rò pé á dìde kó dá ìpàdé rú. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi parí. Nígbà tí èèyàn ń jáde, ó fa aṣọ mi, ó ní kí n bá òun ka nǹkan nínú ìwé tí wọ́n pín, ojú òun kò ríran mọ́. Nọ́mbà ọ́fíìsì tí èèyàn máa pè kí wọ́n wá díwọ̀n iye ilẹ̀ rẹ̀ ló ń wá. Éékà 60. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wà ní Texas àti California, kò sí èyí tó fẹ́ padà wá sórí òkè. Agbaṣẹ́ ilé kan ti fi owó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi katakata wó ibi tí ìyá òun sin àwọn ọmọ rẹ̀ kékeré sí.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀tọ́ onílẹ̀ ni láti tà á fún wọn náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo bá a kọ nọ́mbà náà gàdàgbà sí ẹ̀yìn ìwé kó lè rí i. Mo tún kọ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé kó béèrè nípa ìtẹ́ òkú yẹn kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan, kó sì ní òun fẹ́ bá ẹni tó ń díwọ̀n ilẹ̀ náà rìn yí i ká. Àbẹ̀kẹ́ Lọ́yà, ṣé ẹ mọ ẹni tó lè bá bàbá kà á lápá ibí?

Àbẹ̀kẹ́ Lọ́yà
Mo mọ ẹnìkan. Ẹ wo àpótí ìfiránṣẹ́ yín.